Bí O Ṣe Lè Ru Ìrètí Àwọn Òbí Rẹ Láì Jẹ́ Kí Ọrùn Rẹ Wọ́

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Kubwa, sí Nyanya, sí Kàdúná tàbí sí Sábọ̀n-Gàrí ní Kánò tí kò tíì gbọ́ ìbéèrè yìí rí: "Ẹni tó gba ipò kìíní yẹn, ṣé orí méjì ló ní ni?" Ọjọ́ tí ọmọ bá mú ipò kẹta wálé, tó ń retí pé wọn yóò yin òun, ni wọ́n máa ń bi í bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kì í fèsì, nítorí pé èsì wo ni yóò fọ̀? Bí ó bá ṣe ń dàgbà ni ìbéèrè náà ń bá a dàgbà, títí yóò fi di "Ṣé máàkì rẹ á gbé ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà?" lọ́jọ́ tó bá kọ ìdánwò JAMB, tí yóò sì tún di "Ṣé first class ni?" lọ́jọ́ tó bá wọ yunifásítì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. N kò ní bu àwọn òbí kù níbí, n kò sì ní sọ fún ọ pé kí o sọ ẹrù náà kalẹ̀ kí o máa lọ. Ẹni tó fẹ́ ru ẹrù dé ọjà a máa wá òṣùká sórí ná, bí a ṣe ń ká òṣùká yẹn ni mo fẹ́ fi hàn ọ́. Èmi náà ti ru irú ẹrù yìí láìsí òṣùká rí, mo sì ṣubú. N óò sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀.

Kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ń wá gan-an

"Dókítà" tí bàbá rẹ ń pè lè má jẹ́ dókítà. Akọ̀wé ni bàbá tèmi ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti Kubwa ló sì ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń pè mí ní Dókítà. Mo rò pé owó àti ariwo orúkọ ló ń wá, ó sì máa ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan tí a ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Nyanya, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ti mú wa mọ́lẹ̀ ní oríta A.Y.A. ní Àbújá, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, kí ló dé tó fi jẹ́ dókítà gan-an ni ẹ fẹ́ kí n dà?" Ó dákẹ́ títí ọkọ̀ iwájú wa fi sún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbà sí ọ́fíìsì wọn, tí òun fúnra òun kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì àti bí a ṣe ń to ìwé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọkùnrin náà ti di ọ̀gá òun, nítorí pé ó ní dìgírì, òun kò sì ní ju ìwé ẹ̀rí WAEC lọ. Ó ní, "Ó ṣì ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé fáìlì lọ síwájú rẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé aṣọ funfun kọ́ ló wu bàbá mi. Ohun tó ń lé ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé ré ọmọ òun kọjá bí wọ́n ṣe fi ré òun kọjá. Iṣẹ́ tó lè mú ọkàn bẹ́ẹ̀ balẹ̀ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, bí a bá sì ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ a ṣeé sọ.

Ó tún yẹ kí a rántí ìgbà tí wọ́n ti wá. Yunifásítì Àmọ́dù Béllò ní Sáríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, nìkan ni yunifásítì tó dá dúró ní gbogbo Òkè Ọya títí di 1975, kí Jọ́ọ̀sì, Màídúgùrí àti àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé jáde láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ló ń wá a kiri, òun kọ́ ló ń wá iṣẹ́. Òbí tó fojú ara rẹ̀ rí i kò purọ́ fún ọ nígbà tó ní ìwé ni yóò gbà ọ́. Ohun tó rí ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ti yí padà.

Nítorí náà, bèèrè. Má ṣe bèèrè lọ́jọ́ tí èsì jáde, nítorí pé ìjiyàn ni yóò dà. Bèèrè nígbà tí ọwọ́ wọn bá dí, lójú ọ̀nà, tàbí níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà, níbi tí ojú kò ti ní máa ko ojú. Fi "ẹ má bínú" ṣáájú. Kí o sì bi ìyá lọ́tọ̀, bàbá lọ́tọ̀, torí ìdáhùn wọn kì í sábà bára mu. Ìyá tèmi kò tilẹ̀ mọ ohun tó kàn án nípa dókítà. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Sọ ìrètí di nọ́ńbà

"Ṣe dáadáa" kò ní ìwọ̀n. Òbí tó ń sọ ọ́ kò mọ ibi tó parí sí, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí kò fi sí èsì tó ń tó. Ohun tó ń mú ìrètí rọrùn láti rù ni kí ẹ jọ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọlé. Máàkì 400 ni JAMB lápapọ̀, lórí kọ́ọ̀sì mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn yóò kọ Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé máàkì nìkan ló ń gbé ọmọ wọlé, bí wọn kò bá sì gba ọmọ, wọ́n á ní kò kàwé tó ni. Ètò tí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé 45 nínú 100 àyè wà fún àwọn tó fi máàkì nìkan wọlé, 35 wà fún ọmọ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tó rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a bí sí Òkè Ọya. Ọmọ tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, tó ń gbọ́ Haúsá bí ẹni mumi, tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ọ̀yọ́ kò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ tó rẹ̀yìn; Kwara wà níbẹ̀ ní tirẹ̀. Bí Ọ̀yọ́ kò bá tún sí lára àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì tó yàn ká, a jẹ́ pé inú 45 àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni yóò ti bá gbogbo Nàìjíríà du àyè. Ọmọ tí wọ́n jọ jókòó ní bẹ́ǹṣì kan náà lè fi máàkì tó kéré sí tirẹ̀ wọlé, kò sì sí èrú níbẹ̀. Sọ èyí fún àwọn òbí rẹ kí ẹ tó yan ilé ìwé, má ṣe dúró dìgbà tí wọ́n bá já ọ sílẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ ṣáájú, ètò ni. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́yìn, àwáwí ni wọn yóò pè é.

Bí o bá ti wọlé, GP, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èsì rẹ, ni ó kàn. Nínú ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, A, tíí ṣe máàkì 70 sókè, ń mú 5 wá. B ń mú 4, C ń mú 3, D ń mú 2, E ń mú 1 níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó, F kò mú nǹkan kan wá. A ó fi iye yúníìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì náà, sọ nọ́ńbà yìí di púpọ̀, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó wá fi àpapọ̀ yúníìtì pín in. Láti 4.50 sókè ni first class, 3.50 sí 4.49 ni two-one, 2.40 sí 3.49 ni two-two.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Máàkì mi kò gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, Biochemistry ni wọ́n fún mi, bàbá mi sì ń retí pé mà á bọ́ sí ìmọ̀ ìṣègùn lẹ́yìn ọdún kìíní. Ní sáà àkọ́kọ́, mo ṣe yúníìtì 20. Mo gba F nínú Chemistry, tó jẹ́ yúníìtì 3. Àpapọ̀ ohun tí mo rí kó jọ jẹ́ 52, a fi 20 pín in, ó di 2.60. Ká ní C ni mo gbà nínú Chemistry yẹn, 61 ni ǹ bá ní, GP mi ì bá sì jẹ́ 3.05. Ẹyọ kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo o.

Ìṣirò tó ṣe mí láǹfààní jù lọ wá tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà. Bí sáà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ yúníìtì 20, 160 ni gbogbo rẹ̀. Kí n tó lè fi 4.50 jáde, mo nílò 720 lápapọ̀. Mo ti ní 52, ó ku 668 tí mo ní láti fi yúníìtì 140 wá, ìyẹn 4.77 ní sáà kọ̀ọ̀kan láìyẹsẹ̀. Fún 3.50, 560 ni mo nílò. Ó ku 508, èyí tó jẹ́ 3.63 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Chemistry tí mo ní láti tún ṣe yóò fi yúníìtì díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n mo fi ìyẹn sílẹ̀ kí ìṣirò má baà lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà méjèèjì yìí pa pọ̀ yóò rí i pé ọ̀kan le koko, èkejì sì jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe bí ó bá jókòó tì í. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí mo lè bẹ bàbá mi tó lè ṣe ohun tí ìwé pélébé tí mo ṣe ìṣirò yìí sí ṣe.

Ìwọ ni kí o gbé ìròyìn rẹ wálé

N kò tètè mú ìwé náà wá ṣá. Nígbà tí èsì jáde, mo fi pa mọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì. Bí wọ́n bá bi mí, mo ní wọn kò tíì lẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lo oṣù mẹ́ta. Ọmọ ìjọ wa kan wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú mi, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì bá bàbá mi pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ Dókítà o, Bàbá. Ọlọ́run á ṣe é ní rere." Bàbá mi kò mọ ohun tó ń sọ. Ó dáhùn pé "Àmín, ẹ ṣé," ó sì ń ronú rẹ̀ bọ̀ títí ó fi délé. Mo ti wálé fún ìsinmi nígbà náà. Ó pè mí sí pálọ̀, ó gba fóònù mi, ó ka èsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún padà sí òkè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ta ló tún mọ̀?"

Kò bi mí nípa Chemistry. Ohun tó gún un ni pé òun dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń ṣe àmín sí ìtìjú ara òun láìmọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé F kì í ba àárín ọmọ àti òbí jẹ́ tó ẹnu ẹlòmíràn.

Bí èsì rẹ kò bá dára, má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Yan ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti jẹun, tí kò sí àlejò. Má ṣe sọ ọ́ ní ìdájí tí wọ́n ń sáré bọ́ọ̀sì. Bí o bá wà ní Sáríà tàbí ní Kánò tí àwọn òbí rẹ sì wà ní Àbújá, pè wọ́n lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ. Má kọ ọ́ sórí WhatsApp, nítorí pé ìwé kì í dọ̀bálẹ̀. Má sì tìtorí èyí wọ mọ́tò òru lójú ọ̀nà Kàdúná. Bí bàbá rẹ bá jẹ́ ẹni tó tètè ń bínú, bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ìyá àgbà kan pé kí wọ́n wà níjòókòó, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ ọ́. Ìyá ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe asà. A ń sọ fún un lábẹ́lẹ̀, a sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa gbé e pa mọ́. Ìyà ni a fi ń jẹ ìyá wa bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tí aṣírí bá tú, ẹjọ́ di ti ẹni méjì.

Kúnlẹ̀ bí o bá jẹ́ obìnrin, dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, kí o sì jẹ́ kí ìròyìn náà wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má jẹ́ kó ká yín lára." Kí o tó dé ibi ọ̀rọ̀, bàbá ti rò pé oyún ni tàbí pé ọlọ́pàá ló mú ọ. Sọ ọ́ báyìí: "Bàbá mi, èsì ti jáde, mo gba F nínú Chemistry, GP mi sì jẹ́ 2.60. Èmi ni n kò tètè kàwé, kì í ṣe ẹ̀bi olùkọ́. Ibi tí mo lè bá a dé rèé." Lẹ́yìn náà, gbé ìwé ìṣirò rẹ jáde. Bí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú. Má ṣe mú ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ wọ̀ ọ́, má sì sọ pé àwọn kan gba F mẹ́ta. Sùn lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, lọ kí wọn "Ẹ káàárọ̀" bí o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí o má ṣe sá fún ojú wọn. Nínú ilé tèmi, ọjọ́ kẹta ni bàbá mi ní kí n tún ìṣirò náà ṣe lójú òun, kí òun rí ibi tí 668 ti wá.

Ẹ wá fi àsìkò kan sílẹ̀ fún ìjábọ̀. Tiwa jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré: ìdánwò kékeré tí mo ṣe, kọ́ọ̀sì tí kò yé mi, owó tó kù lọ́wọ́ mi. Òbí tó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ kì í bẹ̀rù tó ẹni tó ń dúró de èsì bí ẹni ń dúró de dókítà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

N kò ní pẹ́ níbí, torí pé o ti mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ka ìwé nígbà tí iná bá wà, má sì jẹ́ kí òru ìdánwò jẹ́ òru àkọ́kọ́ tí o ṣí ìwé. Wá ìbéèrè àwọn ọdún tó kọjá. Kọ́ọ̀sì tí yúníìtì rẹ̀ pọ̀ ni kí o fún ní àkókò tó pọ̀, ìṣirò òkè yìí ti fi ìdí rẹ̀ hàn. Lọ bá olùkọ́ tó ń mójú tó ọdún ẹ̀kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí o bá sì fẹ́ bọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn, bèèrè GP tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kí o tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ohun kan tún wà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n má baà máa fi ọdún kà ọ́ lójú. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, láti February dé October. Ọmọ tó bá sọ pé ọdún mẹ́rin ni òun yóò lò kò purọ́, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà lè purọ́ fún un.

Ní ti ọmọ Màmá Sìkírà ará àdúgbò tí wọ́n ń fi ọ́ wé, tó ń fi A jáde lójoojúmọ́, fi sùúrù gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì sọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé nígbàkigbà tí wọ́n bá fi ọ́ wé ẹlòmíràn, ìwé kì í wọ̀ ọ́ lórí. Àwọn kan yóò gbọ́. Àwọn kan kò ní gbọ́. Mà á jẹ́ òpùrọ́ bí mo bá sọ pé ọgbọ́n kan wà fún ìyẹn.

Bí ẹrù bá ń wọni lára

Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ kì í ti í ṣe ti GP mọ́. Bí oorun bá ti dá lójú rẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí oúnjẹ kò bá lọ, bí o bá ń sunkún láìsí ìdí, tàbí bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, sọ fún ènìyàn kan lọ́jọ́ náà gan-an: ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Má dá wà. Ní kí ẹni náà bá ọ dé ilé ìwòsàn yunifásítì tàbí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba a máa ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn, ìjọba àpapọ̀ sì ní ilé ìwòsàn kan fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní Barnawa, Kàdúná. Òbí rẹ lè kọ́kọ́ ní ti wèrè nìyẹn, tàbí kó ní ayé ló ń ṣe ọ́. Lọ ṣáá. Bí o kò bá lè sọ ọ́ fún wọn, jẹ́ kí dókítà bá ọ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá tí kì í gbọ́ ti ọmọ a máa gbọ́ ti dókítà.

Bí èsì rẹ bá ti jáde tí o sì ń fi pa mọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, mú bébà kan lálẹ́ yìí, kọ yúníìtì rẹ, kọ ohun tí o rí kó jọ, kí o sì ṣe ìṣirò ohun tó kù. Bébà tèmi, inú Bíbélì bàbá mi ló wà. Lẹ́yìn ọdún kìíní, n kò kọ nǹkan kan sí i mọ́. Òun ló ń kọ GP sáà kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ akọ̀wé rẹ̀ tó mọ́ rekete, bí ẹni ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni 3.58, ó sì fi bírò pupa fa ìlà méjì sí i nídìí.